Ìyá Táyà Wọ Aṣálẹ̀

Èmi ni kí ẹ bi. Ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri àdúgbò nípa ìrìn-àjò tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rìn, irọ́ ni, ìdajì yòókù wọn ò mọ̀ ọ́n sọ. Wọ́n ní a sọnù. A ò sọnù o! Wọ́n ní ọlọ́pàá ló gbé wa wọ̀lú. Ọlọ́pàá wo? Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí a kúrò nílé títí di ọjọ́ tí a padà, mi ò rí ọlọ́pàá kankan, àfi èyí tó ń sùn lábẹ́ igi ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà ò sì rí wa.

Ìyá Táyà ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń lẹ táyà ní ẹ̀bá títì, níbi tí ọ̀nà ìlú ti parí tí ọ̀nà aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn èèyàn rò pé yóò ta àwọn irin yẹn, kó wá ibì kan jókòó sí kó máa ta bisikíìtì. Oṣù kan péré lẹ́yìn ìsìnkú, ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó fi okùn dì í mọ́ ìdí, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ti tú táyà lọ́ọ̀rì kan kí àwọn tó ń ṣàánú rẹ̀ tó jí. Àánú náà sì tán lójú wọn.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Àwọn táyà tó ti kú wà ní òkìtì lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ńlá kan wà tí omi inú rẹ̀ dúdú, níbi tó ń ri túúbù bọ̀ kó lè rí ibi tó ti ń jò. Lára ògiri, ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: MÚ SÍPÁNÀ RẸ WÁ. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, dírẹ́bà mẹ́ta ló gbé sípánà rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta ní òun fẹ́ fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kejì le díẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wọlé, ó ṣáná, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sáré tẹ̀ lé e títí dé orí afárá, ó ń gbé e ṣépè. Nígbà tó padà, ó ní láyé òun, òun ò ní ra sípánà mọ́. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ni kó ní sípánà. Láti ọjọ́ náà, dírẹ́bà ni yóò tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò yí i wá bá a, yóò tún yí i padà lọ dè é. Òun ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin. Ọ̀gá Ọ́fíìsì ni mo máa ń pè é, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í de táì, àní lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti yọ̀ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, tó fi ìbàdí lélẹ̀, ni kò ti jẹ́ ká gbádùn. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá.

"Màmá, ẹ ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé mi wà nílẹ̀, mo ti kùn ún. Ẹ wá sinmi. Ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń wá ibi tí mo máa jókòó sí?"

"Ẹ ò lè rìn dé òpin títì yìí kí ẹ má di ìbàdí mú!"

Háà. Mo wà níbẹ̀, mo ń jẹ ọsàn lọ́wọ́, mo gbé ọsàn náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìsinmi lo ní kí n ṣe, àbí? Màá lọ sinmi. Màá wa ọkọ̀ bàbá rẹ la aṣálẹ̀ yẹn já, màá sì wà á padà wálé."

Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àwọn dírẹ́bà ti ń ròyìn fún un: ilẹ̀ kan tó funfun bí iyọ̀, àpáta pupa tó ga ju ilé lọ, ibi tí èèyàn lè wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán kó má rí ewúrẹ́ kan. Òun ò dé ibẹ̀ rí. Yanrìn tó ń dà jáde nínú táyà wọn nìkan ló mọ̀. Ó mọ yanrìn náà débi pé bó bá ti tú táyà, á wo ilẹ̀, á ní, "O gba ọ̀nà àpáta wá lónìí." Kì í ṣì í.

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká dá àdéhùn. Bí ẹ bá lọ tí ẹ sì fúnra yín padà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè mí pé kí n wá gbé yín, tàbí tí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá fà yín wọ̀lú, ẹ máa ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa kó wá sọ́dọ̀ mi."

"Ó ti yá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ àdéhùn. Bó bá ní òun ń bọ̀ ní aago méje, kó o ti ṣílẹ̀kùn ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì ó yọ sí mi. Télọ̀ ni mí, mo ń rán apá aṣọ kan lọ́wọ́. Ó ní, "Di ẹrù rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀."

"Ṣé aṣọ ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?"

Bí mo ṣe di ẹrù nìyẹn.

Ọkọ̀ olóògbé ni a gbé, ọkọ̀ búlúù kan tó ti gbó, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tèmi kì í wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo irinṣẹ́ sí búùtù: àwọn irin pẹlẹbẹ tó fi ń ṣí táyà, hámà, gọ́ọ̀mù, ègé rọ́bà tó fi ń lẹ túúbù, páǹpù ọlọ́wọ́, jáàkì. Ó fi táyà àfipamọ́ kan sí i, èyí tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kó búrẹ́dì, ẹyin sísè, ọsàn, agbòjò, àti jerikáànù omi méjì.

Kí n má parọ́, ìrìn-àjò náà dùn. Lọ́jọ́ kejì a dé ibi àpáta pupa. Ẹ̀gbọ́n mi pa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu yanrìn sọ́wọ́, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Yanrìn yìí ti bà mí lójú jẹ́ tó! Ibí ló ti ń wá, kò wí." Nígbà tí a dé ilẹ̀ funfun yẹn, ó bọ́ bàtà. Obìnrin tó di ìbàdí mú ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń rìn káàkiri lórí ilẹ̀ funfun náà láìwọ bàtà, ó ń ké sí mi pé kí n wá. Mo ní ẹsẹ̀ á jó mi. Ó ní kó jó mi. Mo bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ jó mi lóòótọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kẹta, a dé ìlú kékeré tó wà lódìkejì aṣálẹ̀. A sùn ní ilé àlejò kan tó ní bẹ́ẹ̀dì onírin méjì àti ọṣẹ kan ṣoṣo, a wẹ̀, a sinmi lọ́jọ́ kẹrin, a ṣẹ́rí padà ní ọjọ́ karùn-ún. Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé.

Ọjọ́ kẹfà ni, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ku bíi wákàtí mẹ́rin ká délé. Mo gbọ́ fííììì. Ọkọ̀ wọ́ sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ iwájú ti fọwọ́ lélẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé inú ẹ̀gbọ́n mi dùn? Ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè síbi àríyá. "Wọ́n wá bá mi níbi iṣẹ́!" ló wí. Ó ká apá aṣọ, ó gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, ó gbé ọkọ̀ sókè, ó yí táyà àfipamọ́ jáde láti búùtù, ó gbé e ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú táyà tó jò, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn sí mi, kò wojú mi.

"Sípánà."

"Sípánà wo?"

"Fún mi ní sípánà rẹ, jàre, oòrùn ń mú."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní sípánà. Télọ̀ ni mí."

"Dírẹ́bà ló ń mú sípánà wá."

"Ta ni dírẹ́bà?"

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà sẹ́yìn. Ó wá yé e. Ọdún gbọọrọ ni dírẹ́bà ti ń mú sípánà tirẹ̀ wá bá a. Ó ti kó ohun gbogbo tó jẹ́ ti oníṣẹ́ táyà, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ ti oní-ọkọ̀ ni kò mú, torí kò jẹ́ oní-ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré, wọ́n ń wò wá, a ń wò wọ́n. Táyà tó dáa dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì sí ohun tí a lè fi ṣe.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán, tí mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, títì nìkan ni mo rí.

Ó tó wákàtí kan kí lọ́ọ̀rì kan tó yọ. Dírẹ́bà náà dúró, ó yọjú, ó ní, "Ìyá Táyà! Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyẹn?" Oníbàárà rẹ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ pé sípánà la ń wá, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Sípánà! Ẹ̀yin tí ẹ lé mi lọ́dún tó kọjá torí sípánà!" Ó gbé tiẹ̀ wá. Ti lọ́ọ̀rì ni, ó tóbi ju nọ́ọ̀tì wa lọ ní ìlọ́po méjì. Ó wá ní, "Kò burú, Màmá. Mo ní okùn irin. Ẹ jẹ́ kí n fà yín, kó tó di ìrọ̀lẹ́ a ti dé ìlú."

"O ṣeun," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Máa lọ."

"Màmá, oòrùn yìí ò mọ àgbà o."

"Mo ní kó o máa lọ, ọmọ dáadáa."

Ó fún wa ní omi ìgò méjì, ó mi orí, ó lọ. Mo dúró lójú títì, mò ń wo eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Inú bí mi. Mo mú fóònù mi, mo gun òkúta kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nẹ́tíwọ̀kì yọ díẹ̀. Mo ti rí nọ́ńbà Ọ̀gá Ọ́fíìsì. Mo ti fi ìka lé e.

"Bí o bá pè é," ni ẹ̀gbọ́n mi wí látìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, "ìwọ lo máa lọ gbé yàrá ẹ̀yìn yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e nígbà náà! Ó sàn ju kí n kú síbí torí agídí yín! Ẹ̀rù ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà." Ó jókòó sórí táyà àfipamọ́. "Mo ti wo yàrá yẹn. Ó kùn ún dáadáa. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bí mo bá dé ibẹ̀, ta ni yóò sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún mi? Sọ̀ kalẹ̀, àbúrò mi. Jẹ́ kí n ronú."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ń bú u sínú.

Ó jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń wo táyà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ta ló ní ó dìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kúrò lára ọkọ̀ kí n tó lẹ táyà?"

Kò sí ẹni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ táyà sí, wọn á dúró lé e lórí, wọn á fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Èyí wà ní ìdúró lára ọkọ̀, nọ́ọ̀tì dè é pinpin. Ó yí ẹnu ẹsẹ̀ iwájú náà síta, ó tú ìyókù atẹ́gùn dànù, ó mú hámà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí táyà kó lè ya kúrò lára irin. Ó lù ú títí. Ó dúró, ó di ìbàdí mú, ó tún lù ú. Mo ní kó jẹ́ kí n gbà á. Ó ní kí n dì í mú láti òkè, kí n má bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tí etí táyà ya, a jọ pariwo. Ó ki irin pẹlẹbẹ kan bọ̀ ọ́, ó ní kí n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ki èkejì bọ̀ ọ́, ó ń fà á yípo, díẹ̀ díẹ̀, títí etí kan fi jáde tán. Ó ki ọwọ́ sínú, ó fa túúbù jáde bí ẹni tó ń gbẹ̀bí. Ó da omi mímu wa lé e lórí, èyí tí mo ń ṣọ́ bí ojú, ó rí ibi tó ti ń hó. Ègé irin tó kéré ju èékánná lọ ló fa gbogbo wàhálà yìí.

Ó fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, ó kun gọ́ọ̀mù. Agbòjò ni mo gbé lé e lórí. Ó lẹ̀ ẹ́, ó fi hámà lù ú jẹ́jẹ́, ó dá túúbù padà, ó dá etí táyà padà. Ìyẹn gan-an ló fẹ́ pa wá, torí irin yọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bó ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí yanrìn, kò wò ó. Lẹ́yìn náà ló kan páǹpù. Mo fẹ́ ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ àádọ́ta, ó fẹ́ ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó sílẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ lọ. Ó tẹ táyà wò, ó ní ó tó, oòrùn yóò fẹ́ ìyókù fún wa. Aago mẹ́ta ti lù nígbà tó ṣáná ọkọ̀.

Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbò ni mo ń di ìjókòó mú, òun náà ń gbọ́ ohùn táyà, mo mọ̀. Kò pe ibì kankan, kò sì sí okùn níwájú wa. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a yọ sí ojú ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó jókòó lórí òkìtì táyà, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn, èèyàn bí ogún yí i ká. Dírẹ́bà lọ́ọ̀rì ti dé láti ọ̀sán, ó sì ti sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ tó máa wá fà wá ti wà ní ìdúró, ó kù kí wọ́n gbéra. Nígbà tó rí wa, ó dìde. Ó wo táyà iwájú. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ borí, Màmá," ló wí. "Mo gbà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́."

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò jó. Kò jó. Ó ní kí àwọn èèyàn máa lọ sílé wọn, wọn ò lọ, ó sì sọ ọ́ lójú wọn.

"Mi ò borí nǹkan kan. Kí ni mo jẹ? Ṣọ́ọ̀bù mi? Ṣé kì í ṣe tèmi kí n tó lọ ni? Gbọ́ o. Bí túúbù yẹn bá kọ̀ lónìí, mi ò bá pè ọ́, mi ò bá sì ti ibí pa, torí mo ti fẹnu sọ ọ́. Oòrùn kọ́ ló dẹ́rù bà mí níbẹ̀. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Pé ọmọ tí mo bí rẹ́rìn-ín, ara ta mí, mo sì gbé gbogbo ayé mi lé ọ lọ́wọ́ pé kó o wá fi ta tẹ́tẹ́. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣubú lọ́la, ṣọ́ọ̀bù mi ni. Bí mi ò bá lè gbé táyà kẹ̀kẹ́ mọ́, ṣọ́ọ̀bù mi ni. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ tì í, èmi ni màá tì í, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún èèyàn ogójì ní ọ́fíìsì!

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá," ló wí. "Láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣubú yẹn. Bí mo bá jókòó sí ọ́fíìsì, ẹ̀rù á máa bà mí."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Máa bẹ̀rù. Ta ló ní kó o má bẹ̀rù? Wá máa bẹ̀rù níbí, kí n lè máa rí ọ."

Ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé báyìí. Kò wúlò fún ohunkóhun. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gọ́ọ̀mù àti gírísì, ó ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta jẹ́, èmi ni mo sì ń bá a rán ibi tó ń ya. Ṣùgbọ́n ó ń wá.